Ìwé Kẹta Nínú Ìwé Mẹ́rin Bàámi

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Àgọ́-Ìwòyè níbí, ọmọ Èkìtì ni, físíìsì ló ń kà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá bá mi nídìí iṣẹ́, níbi tí mo ti ń gé etí lẹ́ńsì fún awò ojú oníbàárà kan. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ mọ̀ nípa lẹ́ńsì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò lẹ́ńsì, ìwé wo ló yẹ kó kọ́kọ́ kà?" Mo gbé ojú sókè wò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta awò ojú, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé ṣé férémù yìí yẹ àwọn. Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un pé ìwé mẹ́rin ni, mo sì dárúkọ wọn fún un ní ẹsẹẹsẹ, láti orí ti àkọ́kọ́ dé orí ti ìkẹrin, láìwo bébà kankan. Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù. Ó ní, "Mo ti rí gbogbo wọn, Màmá. Wọ́n ti wọlé." Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nínú àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo, kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Inú mi dùn fún un, mi ò ní purọ́. Inú sì bí mi débi pé mo ba lẹ́ńsì oníbàárà náà jẹ́, mo ní láti mú òmíràn.

Ìwé mẹ́rin yẹn, mo mọ òórùn wọn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, fọ́ọ̀mù wáànù ni mo wà, ilé wa sì wà ní Òkè-Ṣópẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti nílò aago kó tó jí. Sọ́míìlì ní ń jí wa. Bí ayùn ńlá yẹn bá ti kọ́kọ́ han lórí gẹdú, Ìyá Kúnlé, ìyálé ilé, á ti máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò gbálẹ̀, ẹni tí yóò pọnmi, ẹni tí yóò fọ abọ́ àná. Màámi tó jẹ́ ìyàwó kejì ti wà nídìí ẹja rẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ Ẹ̀fìrẹ̀ ni, létí ọ̀sà, àwọn èèyàn rẹ̀ a sì máa fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí i nínú apẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìkókòrẹ́. Ìyàwó méjèèjì á jọ rin ewùrà, Ìyá Kúnlé ló ni epo àti ata, Màámi ló ni ẹja, inú ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Mo máa ń rántí ìkòkò yẹn nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ olórogún kò lè jọ ní nǹkan pọ̀. A jọ jẹ ẹ́, a jọ fi ìka nu abọ́. Màmá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á máa kọ orin ìjọ lábẹ́nu, á sì máa ṣọ́ ọwọ́ wa. "Bọ́sẹ̀," á ní, "ṣé o gbá ilẹ̀ yìí ni àbí o kàn kí i?" Mo máa ń tún un gbá ni.

Lábù ni Bàámi ti ń ṣiṣẹ́, ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Kì í ṣe olùkọ́ o. Òun ló ń nu àwọn awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, òun ló ń tún wọn ṣe, òun náà ló ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí gbogbo àwọn tó kàwé bá ti lọ sílé. Kò parí sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n ìṣirò wà lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Lọ́jọ́ kan ó tú awò kan tó bàjẹ́, ó rí i pé lẹ́ńsì bíi márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó yọ ikùn bákan náà, ó wá ń bi ara rẹ̀ pé ta ló jókòó tó pinnu bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí. Ìjọ Aládùrà la ń lọ, Dọ́kítà kan nínú àwọn olùkọ́ físíìsì náà sì wà níbẹ̀, ọkùnrin Oǹdó kan tó jẹ́jẹ́. Nínú ìjọ wa kò sí bàtà, gbogbo wa la wọ aṣọ funfun, a ò sì mọ ta ni ọ̀gá ta ni ọmọṣẹ́. Níparí ìsìn ìkórè ọdún kan ni Bàámi lọ bá a lábẹ́ igi níta, ó bi í ní ohun tí ọmọ Èkìtì yìí bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dọ́kítà gba bébà ètò ìsìn ọwọ́ rẹ̀, ó fi ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ orúkọ ìwé mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Alàgbà, bí mo ṣe tò ó yìí ni kẹ́ ẹ ṣe kà á. Ẹ má fo ọ̀kankan. Ẹni tó bá fo ìkẹta, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ."

Ó pẹ́ kí Bàámi tó rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó jọ. Àwọn méjì, ìwé àlòkù tó wá ra lọ́nà Ìbàdàn. Ọ̀kan, Dọ́kítà fún un. Ọ̀kan tó kù jẹ́ fọ́tòkọpì, ó fi pákó pẹlẹbẹ láti sọ́míìlì ṣe èèpo rẹ̀. Ó fi bébà símẹ́ńtì wé gbogbo wọn, ó sì sọ wọ́n lórúkọ tiwa, nítorí orúkọ òyìnbó inú wọn kò ṣeé pè láàárín àgbàlá. Àkọ́kọ́ ni Aṣíwájú, ìyẹn ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, ìdí tí ọ̀pá fi ń dà bí èyí tó ṣẹ́ nínú omi. Ìkejì ni Atọ́nà, òun ló ń kọ́ni béèyàn ṣe lè tẹ̀ lé ìtànṣán kan ṣoṣo pẹ̀lú ìṣirò, láti ojú gíláàsì kan bọ́ sí ojú kejì, láìsọnù lọ́nà. Ìkẹta ni Alábàwọ́n. Ìkẹrin ni Àgbà, ó nípọn, àwòrán oríṣiríṣi lẹ́ńsì tí àwọn àgbà iṣẹ́ ti ṣírò ló kún inú rẹ̀. Alábàwọ́n ni Bàámi fẹ́ràn jù. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí mò ń ṣa èèpo kúrò lára ẹ̀wà. "Kò sí lẹ́ńsì tí kò lábàwọ́n," ó ní, "bí kò ṣe séèyàn tí kò ní. Ohun tí oníṣẹ́ ń ṣe ni pé kó wá lẹ́ńsì méjì tí àbàwọ́n ọ̀kan yóò pa ti èkejì rẹ́." Mo rò nígbà yẹn pé gbogbo nǹkan láyé ló rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí Màmá Àgbà la ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àgbàlagbà ni nígbà tó kọ́ ìwé kíkà nínú ìjọ, Bíbélì sì ni ìwé kan ṣoṣo tó ní láyé, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe wá ń ṣú. Bàámi mú gíláàsì fèrèsé kan tó nípọn, ó fi iyanrìn kíkúnná àti omi lọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní ẹ̀yìn ilé, ṣàrà ṣàrà ṣàrà, títí ikùn rẹ̀ fi yọ lójú méjèèjì tó sì ń dán. Ó fún ìyá rẹ̀. Lẹ́tà di ńlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa àti búlúù ń ṣẹ́ jáde létí gbogbo ọ̀rọ̀. Màmá Àgbà ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ti fi òṣùmàrè kún Bíbélì mi. Bóyá nítorí májẹ̀mú Nóà ni." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Bàámi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dùn ún. Gíláàsì kan ṣoṣo kò lè wo òṣùmàrè yẹn sàn. Ó gbọ́dọ̀ ní èkejì, tí wọ́n gbẹ́ ikùn rẹ̀ wọnú, tí wọ́n ṣe láti ara gíláàsì tó wúwo ju ti fèrèsé lọ, kó lè kó àwọn àwọ̀ tí àkọ́kọ́ tú ká jọ padà. Dọ́kítà fún un ní ìdí ìgò òyìnbó kan tó fọ́, gíláàsì olójé, ó wúwo bí òkúta. Ọ̀kan ṣoṣo náà ló sì wà. Bí a bá lọ̀ ọ́ kọjá bó ṣe yẹ, ó tán nìyẹn, kò sí òmíràn. Nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú ìṣirò, bí ìkejì yóò ṣe jìn tó láti bá àkọ́kọ́ yẹn gan-an mu, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọmọrí fún ìkòkò kan tí kì í bá ìkòkò mìíràn mu.

Ìṣirò yẹn ni iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ mi. Tí Bàámi bá ti dé láti Àgọ́-Ìwòyè, tó ti mu gàrí tútù rẹ̀ pẹ̀lú ẹja Màámi, á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ṣí Alábàwọ́n, á sì pè mí. Ojú tirẹ̀ kò fẹ́ràn òǹkà wínníwínní inú ìwé tébù iléèwé mi mọ́, ìwé tí wọ́n to èsì ìṣirò sí ní ìlà ìlà, èmi ló ń bá a wò ó. Á pe òǹkà kan, èmi á wá a nínú tébù, màá dá èsì rẹ̀ padà, òun á kọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìlà márùn-ún, á yí bébà sí mi, á ní, "Bọ́sẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò." Màá yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá rí àṣìṣe, á kàn rẹ́rìn-ín, á pa á rẹ́. Bí mi ò bá rí i, á kàn máa bá iṣẹ́ lọ. Kò yìn mí rí, mi ò sì wá ìyìn, ohun tí mo ń jókòó ti ju ìyìn lọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, ọmọ kan ṣoṣo tí Màámi bí, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé iṣẹ́ tí màá ṣe láyé nìyí. Lẹ́yìn ti Màmá Àgbà, màá ṣírò fún àwọn mìíràn. Ojú gbogbo Òkè-Ṣópẹ́n ló ń ṣú nígbà yẹn lójú mi.

Ẹnìkan ń kọjá níwájú wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn o. Ẹ̀gbọ́n mi Kúnlé ni, àkọ́bí Bàámi, ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Bí a bá ń ṣírò, òun ló ń pọn omi sínú àmù, garawa kan lórí, garawa kan lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ó sọ garawa kalẹ̀, ó dúró lẹ́yìn Bàámi, ó ní, "Bàámi, kí ni ìlà yẹn ń sọ?" Bàámi kò gbé ojú kúrò lórí bébà. Ó ní, "Jẹ́ ká parí èyí ná, Kúnlé. Ṣé àmù ti kún?" Ó gbé garawa rẹ̀. Kò bèèrè mọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn pé ó lọ, nítorí òjìji rẹ̀ ń bo ìwé tébù mi. Mo kọ ọ́ síbí nítorí ó yẹ kí n kọ ọ́. Bàámi fi owó oṣù rẹ̀ ra ìmọ́lẹ̀ fún ọmọ kan nílé, ó sì gbàgbé pé ọmọ mìíràn ń rìn kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú kan ni a parí ojú àkọ́kọ́ gíláàsì kejì. Ó ku ojú kan ṣoṣo. Ìyá Kúnlé ti ń pariwo pé ẹ̀bà ń tutù. Bàámi fi bébà sáàárín ìwé, ó ní, "Ọ̀la la ó parí ẹ̀." Ní ọ̀la yẹn ọkọ̀ agégẹdú kan yà bàrá níbi kọ́nà lọ́nà Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí Bàámi ń gun alùpùpù rẹ̀ bọ̀ wá sílé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ikú ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó ń sáré bọ̀ wá bá ìyá rẹ̀ àti ìwé tébù. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ wá sílé, Alábàwọ́n wà nínú rẹ̀. Kúnlé ló gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n Bàámi wá láti Òkè-Àgbò láti wá pín ogún. Bàbá Òkè-Àgbò la máa ń pè wọ́n. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ká ní olè ni wọ́n ni, tàbí ká ní wọ́n kórìíra Màámi, mo lè ti rí ẹni gbé e lé lórí kí n sì sinmi. Ṣùgbọ́n wọ́n gún régé. Ìyá Kúnlé bí ọmọ mẹ́rin, Màámi bí ọ̀kan ṣoṣo, àwọn kan sì ń kùn pé kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kan ìpín kan. Bàbá Òkè-Àgbò kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ìdí igi méjì ni àbúrò mi fi sílẹ̀. Ẹni tó bí mẹ́rin, ẹni tó bí kan, ìdí igi ni ìdí igi. Ẹnì kan kò ní ré obìnrin yìí jẹ lójú mi." Màámi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Wọ́n pín àga, wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín rédíò àti kẹ̀kẹ́, ìdajì sí ọ̀tún, ìdajì sí òsì, ó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìwé mẹ́rin náà jáde, wọ́n tò ó sórí ẹní.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín wọn. Ọ̀kan ni wọ́n." Bàbá Òkè-Àgbò rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mẹ́rin ni mo kà." Mo ní bí ìkan bá kúrò níbẹ̀ àwọn tó kù kò wúlò, pé kí wọ́n kúkú kó gbogbo rẹ̀ fún Kúnlé, kó máa jẹ́ kí n wá kà á níbẹ̀. Bàbá Òkè-Àgbò wá sọ fún mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìwà, pé bí wọ́n bá kó gbogbo ìwé fún ìdí igi kan, lọ́jọ́ iwájú àwọn ọmọ yóò máa sọ pé Bàbá Òkè-Àgbò ló da ilé rú. "Méjì síbí, méjì síbẹ̀. Kúnlé, ìwọ lo dàgbà, mú ọ̀kan." Kúnlé na ọwọ́. Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ó mú Alábàwọ́n. Wọ́n ní kí n mú tèmi. Orí mi kò sí níbẹ̀ mọ́, Màámi gún mi ní ìgúnpá, mo bá mú Àgbà, nítorí òun ló nípọn jù, ojú ọmọdé. Kúnlé mú Aṣíwájú. Ó ku Atọ́nà, ó di tiwa. Ìwé tébù, wọ́n ní ti ilé ìwé mi ni. Gíláàsì wíwúwo yẹn, wọ́n ní kí n máa fi ṣeré. Bébà tí Dọ́kítà kọ, tí Bàámi lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á kún ogún. Mo ṣí i kúrò fúnra mi lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí wọ́n pín ogún ìwé fún, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni orúkọ àwọn ìwé náà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn Màámi mú mi lọ́wọ́ lọ bá Kúnlé níwájú yàrá rẹ̀. Wọ́n ti bí Kúnlé kí Màámi tó wọ ilé náà, nítorí náà lójú àṣà, ọkọ rẹ̀ ni. Obìnrin tó ti ń fi ẹja rẹ̀ bọ́ gbogbo wa, tó ti fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ iléèwé fún ọmọkùnrin yẹn, kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fún wa. Ẹ kàn jẹ́ kí Bọ́sẹ̀ wò ó níwájú yín, kó parí ohun tí bàbá yín ń ṣe fún ìyá wọn. Ìlà díẹ̀ ló kù." Kúnlé ń wo orí rẹ̀, kò wò mí. Ó ní, "Ẹ dìde, Màámi Bọ́sẹ̀. Wọ́n ti pín in tán. Bí a bá pín nǹkan tán tí a tún ń yá ara wa, kí ni a wá pín in fún?" Màámi lọ bá Bàbá Òkè-Àgbò. Àwọn náà sọ pé ọ̀rọ̀ Kúnlé tọ̀nà, pé ìjà ni irú yíyá bẹ́ẹ̀ ń bí. Ìyá Kúnlé fún wa ní ìkókòrẹ́ jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì lè wò wá lójú.

Wọ́n fẹ́ ṣú Màámi lópó fún Bàbá Òkè-Àgbò, Màámi kò gbà. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó kó èmi náà, a lọ sí Ẹ̀fìrẹ̀. Etí ọ̀sà kì í ṣe ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé. Òórùn ẹja wọ inú Atọ́nà, ọ̀rinrin sì tú àtè ẹ̀yìn Àgbà. Mo ka Àgbà síbẹ̀, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e, àfi bí ẹni tó wọ ìpàdé nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúrà ìparí. Gbogbo ojú ìwé ló ń sọ pé gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀ nípa àbàwọ́n. Mi ò mọ̀. Dọ́kítà ti rékọjá sí òkè òkun, ẹnikẹ́ni mìíràn tí mo lè bi kò sí láyé mi. Ní gbogbo ọlidé, mo máa ń lọ kí Màmá Àgbà ní Òkè-Ṣópẹ́n. Á nà mí ní gíláàsì àkọ́kọ́ yẹn kí n bá òun nù ún, á gbé e lé Sáàmù, á ní, "Òṣùmàrè ṣì wà níbẹ̀, Bọ́sẹ̀." Kì í ṣe pé ó ń dá mi lẹ́bi. Ó kàn ń sọ ohun tó rí. Nígbà tó kú, pálọ̀ ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbà. Kí wọ́n tó dé pósí, èmi fúnra mi ni mo fi Bíbélì rẹ̀ sí i láyà, mo sì fi gíláàsì náà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo rò ó dáadáa kí n tó ṣe é. Mo ní kí ni èmi fẹ́ fi ìdajì ṣe, nígbà tí ìdajì kejì kò ní wáyé láéláé.

Mo wá di ẹni tó ń ta awò ojú. Lẹ́ńsì ń wá bá mi nínú àpò bébà pélébé láti ibi tí mi ò mọ̀, ẹnìkan ti ṣírò wọn, ẹnìkan ti lọ̀ wọ́n, iṣẹ́ tèmi ni pé kí n gé etí wọn kó bá férémù mu. Àwọn èèyàn ń ríran, wọ́n ń dúpẹ́, mo ń dáhùn. Wọ́n ní iṣẹ́ mi dára. Ó dára lóòótọ́, kì í kàn ṣe iṣẹ́ tí mo jókòó kọ́ lórí ẹní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí ọmọ Èkìtì yìí tó bi mí léèrè ìwé, Kúnlé wá. Àgbàlagbà tó tẹ̀ ni báyìí, ọmọ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ ti dì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sọ fún un pé awò kò lè ṣe é, kó lọ sí ọsibítù kí wọ́n lọ ṣí ojú náà. Ó ní òun mọ̀. Ó ní kì í ṣe ìyẹn lòun bá wá. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé nǹkan kan wá nínú ọkọ̀, aṣọ ìsìn funfun àtijọ́ kan tí wọ́n wé. Mo mọ bébà símẹ́ńtì inú rẹ̀ kí n tó tú u tán.

Ó ní, "Gbà á. Mi ò ṣí i rí. Mo kàn ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí ni."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nítorí kí ni?"

"Ìwọ ni Bàámi ń pè nírọ̀lẹ́," ó ní. "Èmi, wọ́n ní kí n lọ kún àmù. Mo fẹ́ kí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ tèmi."

Mo wá ìbínú tí mo ti ń tọ́jú dè é láti ọjọ́ tí Màámi ti kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Mo rí i, ó wà níbẹ̀, kò dín. Mo bu omi fún un mu.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni mo ṣí Alábàwọ́n. Bébà ìṣirò wa wà láàárín rẹ̀ níbi tí Bàámi fi sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a bá a dé ni ó parí sí. Ó ti parí ojú kejì. Ní lábù, ní ọ̀sán ọjọ́ tó kú, láìsí èmi, ó ti fi ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa wo tébù mìíràn, ó ti dé òpin, ó fa ìlà méjì sábẹ́ èsì rẹ̀. Lábẹ́ ìlà náà ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa pé: Kí Bọ́sẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣírò àbàwọ́n, mi ò tilẹ̀ nílò láti ka ìwé náà. Ká ní ó ṣí i fún mi níṣẹ́jú kan ṣoṣo lọ́jọ́ tí Màámi kúnlẹ̀ ni, bébà náà ìbá jábọ́ sílẹ̀.

Ìwé tébù mi ṣì wà, ó ti gbó. Mo jókòó, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Kò sí àṣìṣe níbì kankan. Lánàá Kúnlé pè mí lórí fóònù, ó bi mí pé ṣé ìwé yẹn ṣì wúlò fún mi. Mo ní ó wúlò, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀. Gíláàsì wíwúwo wà lórí tábìlì níbí, mo fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e, mo sì mọ̀ báyìí bí ikùn rẹ̀ yóò ṣe jìn tó, lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n gíláàsì kan ṣoṣo láyé ni òǹkà yẹn bá mu. Òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún Màmá Àgbà lábẹ́ símẹ́ńtì pálọ̀ wa ní Òkè-Ṣópẹ́n, èmi ni mo fi síbẹ̀, Kúnlé ló sì ń gbé inú ilé náà.